Ọ̀dà Ògiri Ìyẹ̀wù Kejì

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni Vernita Pettway fi ń ha ògiri náà. Ó rọra ń ha á, etí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, níbi tí onílé ti ń lu irin kan nínú yàrá abẹ́ ilé. Ọ̀dà funfun yìí kò tíì pẹ́ rárá, òórùn rẹ̀ ṣì ń ta síni nímú. Nínú gbogbo ilé náà, ògiri kan ṣoṣo yìí ni wọ́n kùn. Ta ló ń kun ògiri kan ṣoṣo, bí kò bá ní nǹkan tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀?

Ó lè jẹ́ pé omi ń wọ inú ògiri náà, tó sì ti bu dúdú. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló mú kí Amari, ọmọ-ọmọ rẹ̀, máa wúkọ́ ní Memphis láti ìgbà tó ti ń rá kòrò títí tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Vernita ti búra pé ọmọ náà kò tún ní sùn sínú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Ọ̀la ni fáúṣà rẹ̀ máa kú. Fáúṣà ni ìwé tí ìjọba fi ń bá ènìyàn san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé, ọdún mẹ́sàn-án ni Vernita sì fi wà lórí ìlà ní Memphis kí orúkọ rẹ̀ tó jáde. Ìwé náà ṣeé gbé lọ sí ìlú mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi gbé e wá sí Des Moines, nítorí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Odessa, ti ń ṣókùnkùn, kò sì ní ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọjọ́ péré ni ọ́fíìsì ìlú tuntun fún un láti rí ilé tí onílé rẹ̀ gbà, tí alábẹ̀wò ìjọba sì fọwọ́ sí. Bí kò bá rí i, ó di ìlà padà. Ilé àwọn arúgbó sì ni Odessa ń gbé, òfin ibẹ̀ kò gba àlejò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọ̀la náà ni ọ̀sẹ̀ méjì tòun ti Amari pé.

Onílé mẹ́tàlélógún ló ti sọ fún un pé rárá. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, bí wọ́n bá ti gbọ́ fáúṣà, wọ́n á pa fóònù dé. Ó wá kan ọkùnrin yìí, Enver, bàbá ará Bosnia tó ti pẹ́ nílùú náà. Vernita fi ohùn sílẹ̀ fún un lórí fóònù, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ti onílé rẹ̀ àtijọ́. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà pè padà. "Ó dáa. Ẹ máa bọ̀." Kò béèrè nǹkan kan. Ohun tó kó Vernita láyà sókè gan-an nìyẹn.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Odessa ni.

"Ṣé alábẹ̀wò ti dé?"

"Ó ku díẹ̀. Sístà, ó kun ògiri kan ṣoṣo."

"Àbí o fẹ́ kó wá gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ kó tó kun ògiri ẹ̀ ni?"

"Ó yára gbà jù. Kò tiẹ̀ bi mí pé àwa mélòó la fẹ́ gbébẹ̀."

"Vernita, lọ́jọ́ tí Jésù bá padà dé, wàá ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ jáde kó tó wọlé."

"Ẹ jẹ́ n pè yín padà. Mo ń ha nǹkan."

"O ń ṣe kí ni?"

Ó ti pa fóònù. Ó ha á síwájú sí i. Lábẹ́ ọ̀dà funfun, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló wà. Lábẹ́ ìyẹn, òmíràn tó pupa rúsúrúsú. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ògiri gbẹ táútáú. Ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kan ojú rẹ̀ kókókó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìgbà náà ló tó sún sẹ́yìn, tó rí ohun tó ṣe. Ibi tó ti bó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, èérún ọ̀dà sì wà nílẹ̀ káàkiri. Ilé àtijọ́ ni ilé yìí. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá máa gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tí alábẹ̀wò sì rí ọ̀dà tó ń bó, àbùṣe bùṣe. Vernita mọ òfin náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Òfin yẹn gan-an ló fi mú onílé rẹ̀ ní Memphis lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pe òfin náà wọlé.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Enver yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gùn, ó sì tẹ̀ díẹ̀ léjìká, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ògiri. Ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Vernita. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, aago ẹnu ọ̀nà dún.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Schulte ni alábẹ̀wò náà. Ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn láti yàrá dé yàrá. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Ó tẹ aago tó ń kìlọ̀ bí èéfín bá rú nínú ilé, ó han gooro. Ó ki ìka bọ omi gbígbóná. Nígbà tó dé ìyẹ̀wù kejì, ó dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

Vernita ká ìka bo kọ́kọ́rọ́ náà.

"Èmi ni," Enver dáhùn. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà yẹn ti gbẹ."

"Ẹ wá ń bó o títí dé ìsàlẹ̀?"

"Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Schulte mi orí. "Ọmọ kékeré ló ń bọ̀ wá gbébí. Mi ò lè fọwọ́ sí i báyìí. Mo ní iṣẹ́ ládùúgbò yìí, mo máa padà kọjá láago mẹ́rin. Tí mo bá ṣì bá a bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn."

Bó ṣe lọ tán, àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ gbé agolo ọ̀dà. Vernita fi omi rin ògiri náà kí eruku má baà fò, ó fi àkísà tútù kó gbogbo èérún rẹ̀ nílẹ̀, ó sì nu ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Enver ń dí ojú ibi tó bó. Ojú ń ti Vernita gidigidi, ṣùgbọ́n ojú tó ń tì í kò ní kó má ronú. Irọ́ tí ọkùnrin yìí pa ti dán jù. Kò ṣẹ́jú, kò kólòlò. Ẹni tó lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọba, kí ni yóò máa sọ fún un lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá bàjẹ́?

Ọkùnrin náà bu kọfí láti inú fúláàsì sínú ife méjì. Vernita dúró kó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ ná.

"Kí ló dé tó jẹ́ ògiri kan ṣoṣo lẹ kùn?" ó béèrè.

"Ẹni tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Nígbà tó ń kó lọ, ó já a tipátipá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi yára gbà fún mi?"

Enver gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló yára? Mo kọ́kọ́ pe láńlọ́ọ̀dù yín ní Memphis."

Vernita gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ló sọ?"

"Ó ní wàhálà ni yín. Ó ní tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kan, tọjọ́ taago. Ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ogún ìṣẹ́jú ló fi bú yín."

"Ẹ wá gbà mí?"

"Ẹni tó lọ yẹn, oṣù mẹ́jọ ni páìpù fi ń jò lábẹ́ síǹkì, kò sọ fún mi. Pákó ilẹ̀ ti jẹrà kí n tó mọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan ni mo ń wá."

Vernita kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun bínú. "Èmi náà bi obìnrin ilé kejì nípa yín," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ló pè mí."

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí Schulte tó dé. Ó fi ìka kan ògiri, ó wo ìka náà, ó sì tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti yege," ó wí, ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀.

Enver kó kọ́kọ́rọ́ méjì lé Vernita lọ́wọ́. Vernita kò pa ọwọ́ dé.

"Mélòó ló wà?"

Ọkùnrin náà wò ó. Ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó yọ ẹ̀kẹta jáde. "Mo ní kí n fi pamọ́ ni, bóyá omi inú páìpù á dì di yìnyín nígbà òtútù, kí n lè wọlé tún un ṣe."

"Tó bá dì, màá pè yín."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa pè," Enver wí, ó sì fi í lé méjì tó kù.

Nígbà tó lọ tán, Vernita ti kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan bọ ìlẹ̀kùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí. Ó pe Odessa pé kó ní kí Amari bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn bèbí rẹ̀ sínú báàgì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀ ìyẹ̀wù kejì, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ onílé Memphis kún inú rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé tuntun. Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago. Ó wo ibi tí ọ̀dà ti ń gbẹ lọ.

Lábẹ́ ọjọ́ àti aago náà ló kọ ọ́ sí: "Ògiri ìyẹ̀wù kejì, ó bó. Èmi ni mo ha á."