Omi Ti Mọ́

Ọjọ́ kẹta rèé tí páìpù epo kan bẹ́ ní Àpápá. Òjò gbá bẹntiróòlù náà gba inú gọ́tà ńlá wọ Ajégúnlẹ̀, ó sì ya wọ kànga ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ọládòṣù. Lọ́jọ́ kìíní, epo tẹ́ sórí omi, ó ń dán yinrinyinrin bí ọrùn ẹyẹlé, òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Lónìí ńkọ́? Kò sí epo, kò sí òórùn. Omi mọ́ gaara.

"Oòrùn ti fà á gbẹ, jàre," ni Ewoma, ará yàrá kejì, wí.

Morádéún, ìyàwó ọmọ Bàbá, gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Aboyún oṣù méje ni, ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá oyún ọ̀hún, òùngbẹ ò sì jẹ́ kó gbádùn. Síbẹ̀, kò ya dìndìnrìn. Ó ní òun á sè é. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọ́n wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná nítorí òjò, ó jókòó ti ìkòkò títí omi fi hó. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní ooru ni. Nígbà tí omi tutù, ó mu ife mẹ́ta.

Lọ́sàn-án ni Bàbá ti Badagry dé. Ogún ọdún ló fi já epo nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ta ló pọnmi níbí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú, mo sè é. Epo ti lọ."

"Ó lọ síbo? Ọmọ mi, díẹ̀ ló bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó kù ti yọ́ sómi bí iyọ̀, ojú ò lè rí i mọ́. Nígbà tó o sì ń sè é, imú lo fi mu ún!"

Morádéún yíjú sí kànga. "Ẹja yín ńkọ́?"

Ẹja àrọ̀ kan ń gbé inú kànga náà, Bàbá ló sọ ọ́ síbẹ̀ kó máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Bó bá ti da gààrí sómi báyìí, kíá lẹja á yọjú.

Bàbá da gààrí sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò. Gààrí wú, ó rì. Bàbá ju garawa sílẹ̀ títí ó fi kanlẹ̀, ó fà á sókè. Ẹja náà ló bá a wá, ó ti kú, ikùn rẹ̀ funfun dojú kọ òkè nínú omi tó mọ́.

Morádéún fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Bàbá," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti mu ún, ọmọ yìí ò ta pútú."