Táyé, Lọ Bá Wa Wo Ilé

Ní Igbó-Ọrà, bí o bá dúró ní oríta tí o ké pe "Táyé," kí o yáa múra àtisá, nítorí ìdajì àdúgbò ló máa dáhùn, ìdajì tó kù á sì bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi Táyé àwọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Mùínàt aránṣọ ní Táyé Alábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń pe èkejì rẹ̀, Ràhmọ̀t, ní Kẹ́hìndé Ẹlẹ́gùúsí.

Mùínàt ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wọn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kẹ́hìndé tó jẹ́ àgbà á jókòó sínú ilé, á rán Táyé níṣẹ́ pé, "Lọ tọ́ ayé wò. Bó bá dáa, kí o pè mí." Táyé á jáde, á figbe bọnu, Kẹ́hìndé á sì tẹ̀ lé e. Fún àwọn ìbejì mìíràn, iṣẹ́ náà parí síbẹ̀. Ní ti Mùínàt, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ mu àgbo dóńgóyárò. Òun ló kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́, òun ló kọ́kọ́ lọ síléèwé, òun ló kọ́kọ́ lọ́kọ. Títí tí àwọn méjèèjì fi pé ọgọ́ta ọdún, tí Mùínàt ti ń gbọ́mọ-ọmọ pọ̀n, bí ọbẹ̀ bá ń hó lórí iná Ràhmọ̀t, ṣíbí ló máa nà sí i: "Táyé, bá mi wò ó bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó."

Wàyí o, Jàmílàt, ọmọ Ràhmọ̀t tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, gbé ọ̀rọ̀ dé. Ó ní òun fẹ́ fi ọgọ́ta ọdún wọn mú àwọn méjèèjì lọ sí Lisbon, olú-ìlú àwọn Pọtogí, kí wọ́n lọ fi ọjọ́ mélòó kan najú. Físà ti jáde. Ilé tí wọ́n máa dé sí ló kù. Ó fi àwòrán ilé mẹ́ta ránṣẹ́ sórí fóònù Mùínàt, ó ní kí wọ́n mú ọ̀kan kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, torí bí ìyẹn bá kọjá, ẹlòmíì níbi iṣẹ́ òun ló máa gba ìsinmi náà.

Ràhmọ̀t ní òun ò kọ̀. Ṣùgbọ́n òun tí òun ń gun ọ̀kadà lọ ra ẹ̀gúsí káàkiri abà, láti Ayétẹ̀ lọ títí, kò sí ibi tí òun ti sùn rí tí òun ò mọ onílé. "Táyé, lọ bá wa wo ilé," ló wí. "Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò lọ."

Bí Ràhmọ̀t ò bá sì lọ, kò sí lílọ fún Mùínàt. Ìbejì kì í jẹ dídùn lọ́tọ̀. Jàmílàt fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn méjèèjì ni, tàbí kò sí ẹnì kankan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ara Mùínàt ti ń yún un láti lọ. Nínú àwọn àwòrán yẹn, ọ̀kan wà tó ṣàfihàn òpópónà tóóró kan tó ń gun òkè bí àtẹ̀gùn. Ojú fèrèsé làwọn ará ibẹ̀ ń sá aṣọ sí, lókè orí àwọn tó ń kọjá. Ṣòkòtò kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti wọnú rẹ̀, tó nà gbọọrọ bí ẹni fẹ́ máa rìn lọ. Mùínàt fẹ àwòrán náà, ó tún un fẹ̀, títí ṣòkòtò fi di àwọ̀ lásán. Ta ló ń sá ṣòkòtò sójú títì báyẹn? Kí ni wọ́n fi rán etí rẹ̀ tí kò fi ya? Bí ó bá já bọ́ lu ẹni tó ń kọjá, ta ló ni ín? Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, kò sí aṣọ tó tíì bi í ní ìbéèrè tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó gbé fóònù lọ bá Ràhmọ̀t ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ràhmọ̀t kẹ́yìn sí i, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kẹ́hìndé kì í wo nǹkan. Wọ́n máa ń wá jábọ̀ fún un ni.

"Ilé kìíní," ni Mùínàt wí, "hòtẹ́ẹ̀lì ni, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ó funfun bí òwú. Ibùsùn rẹ̀ gba ẹni mẹ́rin. Omi gbígbóná wà, tútù wà."

"Ta ni onílé?"

"Kò sí onílé. Ẹ̀rọ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wà á tẹ orúkọ rẹ, á pọ káàdì jáde, káàdì yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn."

Ràhmọ̀t dáwọ́ dúró. "Bí a bá jí láàárọ̀, ta la máa kí?"

"A máa kí ara wa."

"Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń kí ẹ. Ṣé torí kí n lè kí ẹ la ṣe fẹ́ wọ bàálù?"

Hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

"Ilé kejì, òkè pátápátá ni yàrá wa, ní àdúgbò àtijọ́. Bí o bá ṣí fèrèsé, odò ló máa wò ẹ́ lójú. Onílé wà o, Ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin ni. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán."

"Ṣé a máa bá a nílé?"

"Ìlú mìíràn ló ń gbé. Àpótí kékeré kan ló kàn mọ́ ògiri níta, inú rẹ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ sí."

"Ó kọ́lé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ìta, ó sì sá lọ sí ìlú mìíràn," ni Ràhmọ̀t wí. "Kí ló rí nínú ilé yẹn?"

Mùínàt ò tíì ro ìyẹn. Ó tún àwòrán wò. Ká sòótọ́, ẹ̀rín ọkùnrin náà jọ ẹ̀rín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ nǹkan.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yìí ni Mùínàt fi gbogbo ọkàn lé, torí òun ló wà ní òpópónà ṣòkòtò yẹn. Orúkọ onílé rẹ̀ ni Fátima, opó tó ń gbé inú ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń fi yàrá kan gba àlejò. Jàmílàt ti bá a ṣètò pé kí wọ́n pè é lórí fídíò.

"Fátímà?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ràhmọ̀t yí ọrùn díẹ̀. "Ará wa ni. Kí i."

Mùínàt pè é. Obìnrin rébété kan yọ, orí rẹ̀ funfun, ó so aṣọ ìdáná mọ́dìí. Mùínàt tún ìbòrí ṣe, ó ní, "Asàláámù àlékùn, Ìyá wa."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tiro, ti Mùínàt náà ń tiro, làwọn méjèèjì bá di ara wọn mú, wọ́n ń rìn lọ. Ó ní Àgùdà lòun, ọmọ ìjọ Mímọ́. Ó ní ìlú kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ́ Fátima, tí wọ́n ní Màríà ìyá Jésù ti fara han àwọn ọmọdé níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ òun. "Ṣùgbọ́n àlàáfíà lẹ fi kí mi," ló wí, "mo sì gbà á."

"Kí ló wí?" ni Ràhmọ̀t bi í. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ò kọjá èyí tí wọ́n fi ń nájà.

"Ó ní ó gba àlàáfíà," ni Mùínàt dáhùn. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Obìnrin náà gbé fóònù káàkiri ilé, ó fi ibùsùn méjì hàn wọ́n, ó fi fèrèsé hàn wọ́n. Ó gbé e dé ilé ìdáná. Láti àjà ni odidi itan ẹlẹ́dẹ̀ kan ti ń rọ̀ dirodiro, pátákò rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ bí ẹni wọ bàtà. Mùínàt fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀. Ó pẹ́ jù. Ràhmọ̀t ti fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i.

"Kí ló pupa tí wọ́n so kọ́ yẹn?"

"Gìtá ni."

"Nínú ilé ìdáná?"

"Ó máa ń kọrin bó bá ń dáná."

Wọ́n dágbére. Mùínàt mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin ilé náà. Ó yin ògiri, ó yin ìrọ̀rí, ó yin afẹ́fẹ́ tí kò tíì fẹ́ sí i lára. Ràhmọ̀t gbọ́ ọ tán.

"Àléébù rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní."

"Rárá?"

"Rárá."

Ràhmọ̀t gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ, ó dìde. "Sọ fún Jàmílàt pé a ò lọ mọ́."

"Kí ni mo wí tí kò dáa?"

"Kò sí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Bí ẹlẹ́gùúsí bá ń yin ọjà rẹ̀, ìsàlẹ̀ àpò ni mo máa ń tọwọ́ bọ̀. Nǹkan mẹ́ta péré lo ti yìn fún mi rí pé kò ní àléébù: dóńgóyárò, abẹ́rẹ́, àti Búrẹ́mọ̀ ọkọ mi àárọ̀."

Mùínàt fẹ́ fèsì, ẹkún ló jáde. Kì í ṣe ẹkún àgbà tí wọ́n máa ń rọra fi ìbòrí nù. Ẹkún ọmọ tuntun ni, tó dún ketekete dé ojú títì. Ó ní gìtá kọ́ o, itan ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó ní obìnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó ní òkè ni ilé náà wà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì wà létí rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò tó ti sùn níbẹ̀ rí kọ ẹ̀sùn sábẹ́ àwòrán ilé náà, òun ló fi pa mọ́.

"Kà á," ni Ràhmọ̀t wí.

Mùínàt fa ikun sókè, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. "'Obìnrin yìí ò jẹ́ kéèyàn sinmi. Àárọ̀ kùtùkùtù ló ti ń kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé a sùn dáadáa.'"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"'Mo sọ fún un pé mo ti yó, ó tún bù sí i. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, àti pé kí ló dé tí wọn ò pọ̀ ju báyẹn lọ.'"

Ràhmọ̀t ti jókòó padà. "Wọ́n fi ìyẹn fẹ̀sùn kàn án?"

"Ẹnì kan tiẹ̀ ní kò ní ìtìjú. Ó ní nígbà tí àwọn ń lọ, obìnrin náà sin àwọn dé ìdí ọkọ̀, ó dúró, ó ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi ṣí, gbogbo èrò ń wo àwọn."

Adìyẹ kan wá ṣa ẹ̀gúsí jẹ, ẹnikẹ́ni ò lé e.

"Tún ibi tó ti sìn wọ́n yẹn kà," ni Ràhmọ̀t wí.

Mùínàt tún un kà.

"Ibẹ̀ la máa sùn."

Ẹkún gé mọ́ Mùínàt lẹ́nu. "Àbí o ò gbọ́ ọ ni? Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Òkè ńkọ́?"

"Mo gbọ́. Láti ọ̀sán lo ti ń yin ilé fún mi, ara mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ tá à ń bọ̀ wáyé, ṣé ẹ̀rín lo rín tí mo fi tẹ̀ lé ẹ? Pe obìnrin yẹn padà."

Wọ́n pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, Ràhmọ̀t ló gba fóònù, Mùínàt wá di ògbufọ̀. Wọ́n kí ara wọn kú ilé, wọ́n kí ara wọn kú ọjọ́ orí, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè orúnkún. Orúnkún gba àkókò díẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló ní in. Ìgbà tí kò sí ohun tó kù láti béèrè ni Ràhmọ̀t tó ní kí Mùínàt bá òun bi í nípa itan tó wà ní àjà. Obìnrin náà gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó ní àbúrò òun tó ń gbé nísàlẹ̀ ti ń wá ọgbọ́n àtigba itan náà tipẹ́. Kí itan náà lọ ṣe àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí àwọn àlejò òun náà á fi lọ. Ó ní òun á ra ìkòkò tuntun, ẹja nìkan lòun á sì sè.

Kí àwọn ará àdúgbò tó ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, èsì ti dé ọ̀dọ̀ Jàmílàt.

Ìgbà tí wọ́n dé Lisbon, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló gbé wọn gun òkè, ó ń pòṣé bí ẹni wọ́n jí lójú oorun. Jàmílàt gbé ẹrù síwájú. Mùínàt dúró sí àárín òpópónà, ó gbójú sókè. Ṣòkòtò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àní méjì. Ó wo etí wọn dáadáa, ó sì mi orí: ẹni tó rán wọn ò parí ìkọ́ṣẹ́.

Ìyá Fátima ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ràhmọ̀t kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti èkejì rẹ̀.

"Táyé, wọlé lọ wò ó."

Mùínàt wọlé. Òórùn ẹja àti àlùbọ́sà gbá a mọ́ra. Ó rí ibùsùn méjì tí wọ́n tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ, ó rí odò lójú fèrèsé, ó rí ìṣó tó wà lófìfo ní àjà ilé ìdáná, ó rí ìkòkò tuntun. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó ti lanu tán láti ké síta pé ilé dára, kò ní àléébù rárá. Ó rántí.

Ó pa ẹnu dé. Ó fa èémí sínú. Ó sì figbe ẹkún bọnu, tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Fátima fi mú àgbélébùú ọrùn rẹ̀ dání, tí ẹnì kan sì ṣí fèrèsé ní òdìkejì títì.

Kó tó gba èémí kejì, Ràhmọ̀t ti bọ́ bàtà, ó ti wọlé.