Kámẹ́rà Tó Ń Wo Káńtà

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù Sàrátù ní Sábó, Ṣàgámù, òórùn obì ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni obì kò sí níbẹ̀ mọ́. Mílíìkì, ọṣẹ, súgà àti ẹ̀rọ POS ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Alàájì Ìdírísù, baba rẹ̀, ti ń to agbọ̀n obì jọ títí tó fi dolóògbé, òórùn náà sì ti wọnú ògiri lọ. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé, Sàrátù á jókòó, á fa òórùn náà símú, á wá dà bíi pé baba òun ṣì wà lẹ́yìnkùlé tó ń ṣa obì.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò tó ń ti òkè Ọya wá máa ń fi àpò wọn sọ́dọ̀ Alàájì bí wọ́n bá ń lọ wo ọjà ní Ìkẹ́nnẹ́. Sàrátù, tó ṣì kéré, bi baba rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí ló wà nínú àwọn àpò náà.

"Mi ò mọ̀," ni baba dá a lóhùn. "Bí mo bá mọ̀, mi ò ní lè sùn."

Nígbà tí agolo mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lórí pẹpẹ, Sàrátù ní kí Báyọ̀, tó ń ta kámẹ́rà ní òdìkejì títì, wá gbé ọ̀kan kọ́ sókè káńtà. Báyọ̀ so ó mọ́ fóònù Sàrátù, ó sì so ó mọ́ tirẹ̀ náà, ó ní bó bá bàjẹ́, òun á tètè mọ̀. Olè kò yọjú mọ́, ọkàn Sàrátù sì balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ṣí àwòrán tí kámẹ́rà ti ká sílẹ̀ lórí fóònù kó lè wo ibi tó gbé e sí, ó sì rí Màmá Fẹ̀hìntọlá nínú rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wọ takisí wá láti Òde Rẹ́mọ láti gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ojú màmá ti di bàìbàì. Ṣe ló máa ń na káàdì sí Sàrátù, tí á sì pe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síta bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, kí Sàrátù bá a tẹ̀ ẹ́. Nínú fóònù yìí, gbogbo nọ́ńbà ara káàdì náà hàn kedere, ohùn màmá sì ń dún ketekete. Sàrátù wo àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìka gbogbo wọn ló hàn lórí bọ́tìnnì.

Gbogbo àwòrán yìí wà lórí fóònù Báyọ̀ náà.

Ó sọdá títì lọ sọ ohun tó rí fún Báyọ̀. Báyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló ráyè wo ìyẹn?"

"Mi ò sọ pé o wò ó. Mo ní o lè wò ó. Yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ níṣojú mi."

Báyọ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́. Ó pa gbogbo àwòrán tó wà nílẹ̀ rẹ́, ó yí ojú kámẹ́rà kúrò níbi káńtà, ó sì kọ́ Sàrátù bó ṣe máa yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n oorun kọ̀, kò kun Sàrátù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kámẹ́rà òun ti rí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wọn, kí wọ́n lọ yí i padà ní báǹkì.

Lìádì ló bínú jù. Inú òkìtì ewé tí wọ́n fi ń di obì ní ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ni òun àti Sàrátù ti jọ ṣeré nígbà èwe.

"O ti ń wò wá látọjọ́ yìí?" Ó da ẹrù tó rà sílẹ̀, ó jáde. Kò padà wá mọ́. Títí di òní, bí Sàrátù bá rí i tó ń kọjá, ó máa ń dùn ún.

Nígbà tí Màmá Fẹ̀hìntọlá dé, ó gbọ́ ọ dópin. "Kí ló dé tó o fi sọ fún mi? Ǹ bá má mọ̀."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Mọ́mì. Ẹ má pe nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan èmi náà."

"Ojú mi ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí báǹkì, màmá sì gba nọ́ńbà tuntun. Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, Sàrátù di ìka rẹ̀ mú, ó gbé e lé bọ́tìnnì àárín. "Ẹ fọwọ́ pa á. Ẹ ò rí i pé nǹkan kékeré kan yọ sókè lára rẹ̀? Márùn-ún nìyẹn. Mẹ́rin wà lápá òsì, mẹ́fà lápá ọ̀tún."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe máa ń di ọwọ́ àwọn ọmọ mú nìyí, tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá ṣọ́ọ̀kì mú."

Sàrátù kọjú síta. Màmá tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà dún, ó pọ bébà jáde.

"Ó gbà á!" ni màmá kígbe, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà. Ó gba owó rẹ̀, ó di káàdì mọ́ etí ìró, ó sì ní kí Sàrátù bá òun wọn súgà.