Máàkì Mọ́kànlá àti Ààbọ̀

"Màámi, bí ọmọ bá jalè, ṣé ọmọ yẹn ni wọ́n máa mú ni, àbí ìyá rẹ̀?"

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ló ti béèrè. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ ń wo òrùlé. Ìyá ọkọ mi ní ẹran há òun léyín — ẹyin la sì ń jẹ. Èmi náà ní, "Jẹun, jàre." Èmi tí ìjọba ń sanwó fún nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ya ọ̀daràn...

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tú àpò ìwé rẹ̀. Pẹ́ńsù méje. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ báyìí, fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó fẹ́ ya ọ̀daràn lórí orúnkún mi. Ogún ìbéèrè. Ọmọ tó bá ti gba máàkì mẹ́wàá, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ń kó fọ́ọ̀mù náà wá, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣé ó ń bá àwọn tó jù ú lọ ṣọ̀rẹ́? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́dẹ ilé-ìwé, ẹni àádọ́rin ọdún. Máàkì kan. Ṣé ó ń purọ́? Ó ní òun ti fọ eyín. Ṣé ó ti sá nílé rí? Ó sá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ — ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀... mọ́kànlá àti ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dán bàbá rẹ̀ wò ná. Ṣé ó ń pẹ́ níta? Ṣé ó ń bínú bí wọ́n bá sọ òótọ́ fún un? Mẹ́rìnlá. Ìyá ọkọ mi, tó ń tọ́jú ṣúgà tí dókítà kà léèwọ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí? Mẹ́tàdínlógún. Wọ́n á kàn gbé ọkọ̀ wá kó gbogbo wa ni.

"Ẹ má rò ó, Ìyá, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́." Ohun tí ọ̀gá mi máa ń sọ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Mo ti tẹ fọ́ọ̀mù ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ lọ́dún yìí. N kò bi ara mi rí pé kí ni wọ́n ń rò...

Kí ni tèmi ń rò? Kò béèrè pé, "Ṣé wọ́n máa mú mi?" Ó ní, "àbí ìyá rẹ̀?" Nígbà tí mo ní kó jẹun, kò jẹ. Ó di etí aṣọ mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ nu ọwọ́ ni.

Èmi ni. Ẹ̀rù pé wọ́n máa mú èmi ló ń bà á.

Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń mì. Kò tíì sùn, olóríburúkú kékeré yìí, ìfẹ́ mi.

"Àwa méjèèjì ni wọ́n máa mú," mo sọ sí i létí. "Láàárọ̀, kí aago ilé-ìwé tó lù, àwa méjèèjì la máa dá àwọn pẹ́ńsù yẹn padà."

Ó mí kanlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń hanrun. Yàrá ìyá ọkọ mi dákẹ́. Ọwọ́ ọmọ mi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú tèmi... ó ti sùn.