Ohun tí Bàbá Kò Jẹ́ Ká Béèrè

Bàbá da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ife, kò sì mọ̀. Omi ṣàn lórí tábìlì tí òun fúnra rẹ̀ kàn, ó ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà tó jó o ló tó fò sókè.

"Ta ló gbé ife yìí kúrò níbi tí mo gbé e sí?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ nu tábìlì, ó mú káàdì adójútòfò ìlera bàbá nínú dúrọ́ọ̀, ó tì í bọ àpò. Káfíńtà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fi ojú lásán mọ pákó tó wọ́ ló wá di ẹni tí ń fọwọ́ wá ife! Dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kí wọ́n yọ awọ funfun tó bo ẹyinjú méjèèjì kó tó pẹ́ jù. Ọdún méjì rèé tí aránṣọ ti fẹ́ lọ béèrè iye tí yóò ná wọn, àti èyí tí adójútòfò yóò san níbẹ̀. Ọdún méjì rèé tí bàbá ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ.

"Kí la fẹ́ béèrè? Wọn ò ní san nǹkan kan. Wọ́n kàn ń yọ owó oṣù mi jẹ ni."

Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún ìyá lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí kókó inú rẹ̀ ń dàgbà. Ìyá ní, "Ẹ kúkú lọ béèrè ná, abèèrè kì í ṣìnà." Bàbá ò lọ. Ó ní àwọn yóò tu owó jọ. Kí owó tó pé, ikú ti dé. Bàtà ìyá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e. Aránṣọ rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì adójútòfò, akọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́ tẹ nọ́ńbà káàdì sínú kọ̀ǹpútà.

"Iṣẹ́ abẹ ojú wà níbẹ̀, àǹtí. A máa san gbogbo ẹ̀, tó bá ṣáà ti jẹ́ ọsibítù tó wà lórí ìwé wa ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa kó tó di ọjọ́ abẹ."

Ara aránṣọ fúyẹ́. Díẹ̀ ló kù kó jó.

"Bàbá yín, ìyá yín àti ẹ̀yin lẹ wà lórí káàdì yìí. Ìyá ò tiẹ̀ lò ó rí."

"Ìyá mi ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ká lè yọ orúkọ wọn."

Ó yẹ kó dìde. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹnì kan ń mí lé e lọ́rùn láti ẹ̀yìn, èémí tó mọ̀ dáadáa láti ìgbà àìsàn ìyá. Ẹnu rẹ̀ là. "Iṣẹ́ abẹ kókó inú ńkọ́? Ṣé ẹ ń san ìyẹn?"

Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà. "Ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti gba káàdì ló ti wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ì bá jẹ́ fún wọn."

Aránṣọ bú sẹ́kún lójú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nujú, ó béèrè èyí tó kù: oògùn tí wọn yóò máa kán sójú ńkọ́? Àyẹ̀wò lẹ́yìn abẹ ńkọ́? Jígí ńkọ́? Akọ̀wé ní jígí nìkan ni wọn yóò fowó ara wọn rà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lójú ọ̀nà ló pinnu pé bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ ti ìyá láéláé.

Orí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ló bá bàbá. "Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo lọ béèrè, Bàbá. Ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn á san án. Jígí nìkan ló kù fún wa."

Ó ti múra sílẹ̀ de ariwo. Bàbá ò pariwo.

"Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti ń sanwó abẹ fún èèyàn?"

"Ọdún yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Tuntun ni."

Bàbá nawọ́, ó fọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀ kàn, ó bá a tó tutù fún omijé. Ó fi àtàǹpàkò nu omi náà.

"O ò mọ irọ́ pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ẹ."

Ó yíjú sí ibi tí bàtà wà, bí ẹni tí ń rí i kedere. Ìgbà náà ló yé aránṣọ ìdí tí bàbá fi ń wo ojú ara rẹ̀ níran tó ń fọ́ lọ: ẹni tó bá lọ béèrè ti ojú, yóò gbọ́ ti ìyá níbẹ̀.