Ṣọ́ọ̀bù Tó Bọ́ Sínú Ẹrẹ̀

Lọ́dún tí wọ́n ń fọ́ páìpù epo káàkiri odò Wárí, tí ìró ìbọn ń lé àwọn èèyàn wọ ìgboro, Ṣọlápé rí iṣẹ́ sí ẹgbẹ́ aláàánú kan. Òun ló ń ya máàpù ibi tí àwọn tó sá kúrò nílé forí pamọ́ sí, kí oògùn lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. R, èdè ìṣírò orí kọ̀ǹpútà, ló fi ń yà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú àti ọwọ́ kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, máàpù jáde. Gbogbo àmì pupa tó yẹ kó wà ní Aladja àti Ugbolokposo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Wárí, ló kó jọ sínú igbó ẹrẹ̀ lápá odò Benin. R ò ráhùn rárá pé àṣìṣe kankan wà.

Stephanie, ọ̀gá rẹ̀, bẹjú wò ó. "So dem don run enter creek. Make I find boat. Tomorrow morning we go move."

Ṣọlápé mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni ìbọn ti ń dún. Bí ọkọ̀ bá lọ, ẹ̀mí lè bá a lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe ní Aladja á máa wo ọ̀nà.

"Aunty, abeg, small time."

Ó tún gbogbo ìlà iṣẹ́ náà kà, kò rí àléébù. Ìgbà náà ló rántí ìyá rẹ̀, tó ń ta gaàrí ní ọjà Pessu ní Wárí. Bí ìyá bá ra òṣùwọ̀n tuntun, ohun tó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé lé e. Kí ni Ṣọlápé náà mọ̀ dájú? Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fi fóònù gba àmì ibi tó wà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó gbé àmì yẹn nìkan sórí máàpù. Inú ẹrẹ̀ ló bọ́ sí.

Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago. "Màámi, ṣé odò ti gbé ṣọ́ọ̀bù yín lọ ni?"

"Odò wo? Gaàrí mi gbẹ kangẹ́. Ta ló ń ṣépè fún mi?"

Ẹ̀rín pa Ṣọlápé. Ó tún nọ́mbà àmì ṣọ́ọ̀bù náà wò, ojú rẹ̀ sì là. Nọ́mbà méjì ló ń sọ ibi téèyàn wà. Fóònù ń sọ ti àríwá ṣáájú. R ń fẹ́ ti ìlà-oòrùn ṣáájú. Ká ní Èkó ni, àárín òkun ni àmì ì bá bọ́ sí, kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ní Wárí, nọ́mbà méjèèjì jọra bí ìbejì. Bí o bá pààrọ̀ wọn, ìtòsí náà lo ó ṣì bọ́ sí, níbi tí irọ́ ti jọ òótọ́.

Ó pààrọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀bù padà sí Pessu. Àwọn àmì pupa tò sí Aladja àti Ugbolokposo bí ẹyẹ tó wọlé sùn.

Stephanie fọwọ́ kan igbó ẹrẹ̀ lórí máàpù. "So I for carry people enter gunshot. Na you see am?"

"Èmi ni, ma."

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì ló gbé oògùn dé Aladja, ẹnikẹ́ni ò wọ odò.

Máàpù náà, tí Ṣọlápé tẹ̀ jáde fún ìyá rẹ̀, ń bẹ lára ògiri lókè àpò gaàrí ní Pessu títí dòní. Bí oníbàárà bá béèrè iye gaàrí, ìyá á kọ́kọ́ nawọ́ sókè. "Ẹ rí àmì yẹn? Èmi nìyẹn. Ọmọ mi ló fà mí yọ nínú ẹrẹ̀."