Orúnkún Tó Ti Jiná

Orúnkún Ògúnlàdé rọ́ ní àárọ̀ tí òun àti Afọlábí ọmọ rẹ̀ ń sáré ìdárayá ní Ilo-Awela, tí ọkọ̀ sì gbá ọmọ náà pa. Orúnkún ti jiná, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe egungun yín mọ́," ni dókítà wí. "Ẹ̀dùn ọkàn náà máa ń ro ni lára. Ṣé ẹ ti dé ibojì rẹ̀?"

Ẹfúnkẹ́, àbúrò Ògúnlàdé tó sìn ín wá sí ilé ìwòsàn, pariwo. "Háà! Bàbá kì í rí ibojì ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbọ́ tiwọn o!"

Ògúnlàdé wo ilẹ̀. "Oorun ṣì wà lójú Afọlábí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní òun ò lọ. Èmi ni mo fa aṣọ ìbora kúrò lára rẹ̀."

Ó dìde, ó ń tiro, ó kọjú sí Ẹfúnkẹ́.

"Ìwọ lo mọ ibẹ̀. Mú mi lọ."